Kókó ọrùn: Ẹ má fún un lórúkọ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ dá lórí kókó tó máa ń yọ sí ènìyàn lọ́rùn, lábẹ́ abíyá tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fọwọ́ kan irú kókó bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ onídìrí ló máa kọ́kọ́ rí i lọ́rùn wọn. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé á ti fún un lórúkọ. Ẹnìkan á ní jẹjẹrẹ ni. Ẹlòmíì á ní ikọ́ ife ni. Ẹlòmíì á ní ọwọ́ ayé ni.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ojú lásán kò lè sọ orúkọ kókó, ọwọ́ lásán náà kò sì lè sọ ọ́. Bí kókó bá kọ̀ tí kò lọ, ohun tó lè sọ orúkọ rẹ̀ ni kí dókítà mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àpẹẹrẹ kan wà tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àmọ́ tó fi òtítọ́ yìí hàn kedere. Òun ni kókó kan tó ń wá láti ara ìbòrí iṣan ìmọ̀lára, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí kì í sì í ṣe ikọ́ ife, àmọ́ tó lè fara jọ méjèèjì.

Kí ló kan Moshie Zongo níbẹ̀?

Moshie Zongo jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Tamale, ní àríwá Ghana. Inú èdè Hausa ni ọ̀rọ̀ "zongo" ti wá, ibi tí àwọn àlejò àti oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò máa ń sọ̀ sí ni. Àwọn Moshie tí wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ ni àwọn ènìyàn Mossi, tí orírun wọn wà ní Burkina Faso òde òní.

Ọmọ Yorùbá náà ti pẹ́ ní Tamale. Kó tó di ọdún 1969, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin pọ̀ káàkiri ọjà àríwá Ghana. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. S. Eades kọ odidi ìwé lórí wọn, Strangers and Traders, tó jáde ní ọdún 1993.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Ghana, tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí, wà lára àwọn tó di ẹrù rẹ̀. Àwọn kan padà wá lẹ́yìn náà, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun nílé.

Ìdí méjì ni ìtàn yìí fi kan ọ̀rọ̀ ìlera. Àkọ́kọ́, ìgbésí ayé oníṣòwò jẹ́ ti ìrìn. Ẹni tí kókó yọ sí lára ní Tamale lè gba oògùn ní Kumasi, kó tún lọ rí ìbátan rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àgbo, kó má sì sí ẹnì kankan nínú gbogbo wọn tó mọ ohun tí ẹnì kejì ti ṣe.

Ìkejì, àwọn tó ń gbé zongo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá àlejò lẹ́jọ́ kí wọ́n tó bi í pé ta ni, ibo ló sì ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó rí.

Kí ni kókó yìí gan-an?

Nǹkan bíi 600 kókó kéékèèké ló wà nínú ara ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ọrùn. Ọlọ́run ló dá wọn mọ́ni, àìsàn kọ́ ló mú wọn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ìdí sì nìyẹn tí ènìyàn kì í fi í mọ̀ pé òun ní wọn.

Omi kan tó mọ́ gaara ló máa ń ṣàn káàkiri ara, tó ń kó ìdọ̀tí àti kòkòrò àìsàn jọ. Omi náà ní láti gba inú àwọn kókó yìí kọjá kó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Inú wọn ni àwọn ọmọ ogun ara ń gbé. Bí kòkòrò bá kọjá, àwọn ọmọ ogun yìí á dá a dúró, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i láti bá a jà. Nígbà náà ni kókó á wú.

Ìdí nìyẹn tí egbò ẹsẹ̀ fi máa ń mú kí kókó itan wú, tí eyín tó ń jẹrà tàbí ọ̀fun tó ń dunni sì máa ń mú kí kókó ọrùn wú. Bí egbò náà bá san, kókó á rọra padà sí bó ṣe wà. Púpọ̀ nínú kókó tó ń wú nìyẹn, kò sì sí ohun tó yẹ kó kó ìpayà báni nínú rẹ̀.

Èyí tó ń fa ìṣòro ni èyí tó kọ̀ tí kò lọ.

Ohun tó sábà máa ń fa kókó tí kò lọ

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ikọ́ ife wà lára ohun tí dókítà máa ń kọ́kọ́ rò bí kókó ọrùn bá pẹ́ lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ikọ́ ife ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè wọ inú kókó ọrùn láìjẹ́ pé ẹni náà ń wúkọ́ rárá. Kókó náà lè so pọ̀ mọ́ra wọn, kó bẹ́, kó sì máa ṣọyún.

Kòkòrò HIV náà máa ń mú kí kókó wú ní ibi púpọ̀ lára lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú kókó fúnra rẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíì tún lè rìn dé inú kókó: ti ọmú sábà máa ń lọ sí abẹ́ abíyá, ti ọ̀fun, ẹnu àti ẹ̀yìn imú sì máa ń lọ sí ọrùn.

Àwọn wọ̀nyí ni dókítà ń wá. Àmọ́ nígbà míì, ohun tí wọ́n bá nínú kókó kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Àlejò láti ara iṣan ìmọ̀lára

Gbogbo ẹni tó bá ti rí wáyà iná mọ̀ pé bàbà ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà ló sì wà lóde. Iná ń gba inú bàbà, rọ́bà sì ń dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ìmọ̀lára rí, ìyẹn àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti ohùn. Ìránṣẹ́ ń gba inú okùn náà, ìbòrí kan sì yí i ká.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ìbòrí yìí ni wọ́n fi orúkọ Theodor Schwann sọ, onímọ̀ ọmọ Jámánì tó gbáyé láti 1810 sí 1882. Bí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i ju bó ṣe yẹ lọ, kókó ló máa ń dà. Kókó náà ni àwọn dókítà ń pè ní schwannoma.

Ní ọdún 1910, dókítà kan tó ń jẹ́ José Verocay, tó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, ṣàpèjúwe bó ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa ń tò ní ìlà ní ìlà bí igi ọgbà. Títí di òní, orúkọ Verocay ni wọ́n fi ń pe ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn.

Schwannoma kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í fò láti ibì kan sí ibòmíì nínú ara. Ó máa ń ní awọ tó yí i ká, ó sì máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, nígbà míì fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó wà láàárín ọmọ 20 sí 50 ọdún ló sábà máa ń ní in, orí àti ọrùn sì wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Báwo ló ṣe ń dé ibi kókó?

Ọ̀nà méjì ni. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kó yọ lára iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ kókó kọjá. Iṣan tó ń lọ sí ohùn, èyí tó ń lọ sí apá, àti èyí tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè, ọrùn ni gbogbo wọn gbà. Bí schwannoma bá yọ lára ọ̀kan nínú wọn, kò sí bí ọwọ́ ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe kókó ọrùn ló wú. Àmì kan tí dókítà máa ń wò ni pé ó ṣeé tì sí ọ̀tún àti sí òsì, àmọ́ kò ṣeé tì sókè àti sísàlẹ̀, nítorí okùn iṣan ti dè é mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun ni pé kó yọ nínú kókó fúnra rẹ̀. Àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín máa ń bá òpó ẹ̀jẹ̀ wọ inú kókó, láti ara ìbòrí wọn ni schwannoma sì ti lè bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ni irú rẹ̀ tí àwọn dókítà ti kọ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn káàkiri àgbáyé. Dókítà lè ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, kó má rí ẹyọ kan.

Àwọn dókítà náà ti ṣì í pè rí

Kì í ṣe ará ilé nìkan ló máa ń fún kókó ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà kan rí kókó itan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tò bí igi ọgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé schwannoma ni.

Ní ọdún 1989, ikọ̀ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan náà ní Amẹ́ríkà. Sharon Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀kan, Saul Suster àti Juan Rosai ló kọ ìkejì. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti ara iṣan ìmọ̀lára rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó fara jọ ti ẹran líle ara ló ń ṣe é. Orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí ni intranodal palisaded myofibroblastoma. Ibi itan ló sábà máa ń yọ sí, òun náà kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ohun tí wọ́n fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni oògùn aláwọ̀ tí wọ́n ń kán sí ẹran ara nínú yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní S-100. Sẹ́ẹ̀lì Schwann máa ń gba àwọ̀ yìí dáadáa. Kókó kejì kì í gbà á.

Bí àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wo ẹran ara bá lè ṣi orúkọ pè títí àwọ̀ kan fi là wọ́n lójú, ẹni tó fọwọ́ kan ọrùn lásán kò yẹ kó dájọ́.

Ìpalára tí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tamale ṣe àpẹẹrẹ. Kókó kan wà lọ́rùn rẹ̀ láti bí ọdún méjì, kì í dùn ún, kò sì rù. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbà bàjẹ́.

Àkọ́kọ́, wọ́n lè ní ikọ́ ife ni, kí wọ́n sì gbé e sórí oògùn fún oṣù mẹ́fà láìyẹ kókó náà wò. Oògùn ikọ́ ife ń gba ẹ̀mí là fún ẹni tó ní ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ghana àti Nàìjíríà. Àmọ́ ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára, kò sì ní dín schwannoma kù rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tún sọ pé ikọ́ ife náà ti di èyí tí kò gbóògùn.

Ìkejì, wọ́n lè gé e bí ẹní gé kókó lásán. Bó bá jẹ́ ara iṣan ohùn ló so mọ́, ohùn ìyá yẹn lè há títí láé. Bó bá jẹ́ ara iṣan apá ni, apá tó fi ń ká aṣọ lè má gbé nǹkan mọ́. Dókítà tó bá mọ̀ ṣáájú pé iṣan ni á rọra la awọ rẹ̀, á yọ kókó jáde bí ẹní bó ẹ̀pà, á sì gbìyànjú láti fi iṣan sílẹ̀ síbi tó wà.

Ìkẹta, ẹ̀rù jẹjẹrẹ lè mú un sá. Kò ní lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, á máa ta ọjà rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, á sì máa pín ogún ṣáájú ọjọ́. Ìbẹ̀rù yẹn nìkan lè tú ilé ká láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀.

Ìkẹrin, ẹnìkan lè fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ tàbí fi ohun gbígbóná jó o. Egbò tó bá wọ ibẹ̀ lè di ọyún, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá sì gba ọrùn kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú àpá máa ń mú kí iṣẹ́ abẹ tó bá tẹ̀ lé e nira sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tó wá sọ pé "tèmi náà ni irú èyí tí kò léwu," ti fún kókó lórúkọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Schwannoma inú kókó ṣọ̀wọ́n, ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ kò ṣọ̀wọ́n.

Báwo ni àyẹ̀wò ṣe ń lọ?

Dókítà á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló yọ? Ṣé ó ń tóbi? Ṣé ara ń rù, ṣé òógùn ń bo ẹni náà lóru, ṣé ibà ń ṣe é? Á wo inú ẹnu àti ọ̀fun, á sì yẹ ọmú wò bó bá jẹ́ abẹ́ abíyá ni. Á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, títí kan ti HIV.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi ẹ̀rọ ultrasound wò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Nígbà míì, ẹ̀rọ náà lè fi hàn pé okùn iṣan kan wọ orí kókó, ó sì jáde nídìí rẹ̀.

Wọ́n lè wá fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fa díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í sọ kókó di jẹjẹrẹ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, tí ohun kan wá sán lọ sí apá tàbí orí bí iná mànàmáná, kí aláìsàn sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀. Àmì pé iṣan ìmọ̀lára wà níbẹ̀ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ sábà máa ń tó fún ikọ́ ife. Fún schwannoma, sẹ́ẹ̀lì tó ń fà kì í sábà tó láti sọ orúkọ. Nígbà náà ni wọ́n máa ń mú ẹran ara tó pọ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ kókó lódindi, èyí tí wọ́n ń pè ní biopsy.

Inú omi formalin ni wọ́n máa ń fi ẹran náà sí kó má bàa jẹrà. Bí wọ́n bá tún fẹ́ wá kòkòrò ikọ́ ife, ó dára kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ láìfi formalin kàn án, torí formalin máa ń pa kòkòrò náà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi ìda mọ ẹran yìí, wọ́n á sì gé e ní pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Wọ́n á kán àwọ̀ sí i, dókítà á sì wò ó. Bó bá rú u lójú, á tún kán àwọ̀ mìíràn, irú S-100.

Kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ló ní àwọ̀ yìí. Nítorí náà, èsì lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Pípẹ́ rẹ̀ kò fi hàn pé ohun búburú ni wọ́n rí.

Iṣẹ́ yìí ti so Ghana àti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ tipẹ́. Dókítà George Edington wo ẹran ara ní Accra nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Ghana ní Gold Coast, ó sì gbé ìwádìí jáde lórí jẹjẹrẹ níbẹ̀ ní 1956. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Ìbàdàn, níbi tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìṣirò àwọn tó ní jẹjẹrẹ nínú ìlú láti 1960 sí 1963. Wíwo ẹran ara lábẹ́ ẹ̀rọ ló wà nídìí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí èsì bá ní schwannoma ni ńkọ́?

Bí wọ́n bá ti yọ kókó náà tán pátápátá, ìtọ́jú ti parí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò nílò oògùn jẹjẹrẹ, kò sì nílò ìtànṣán. Ó ṣọ̀wọ́n kó padà yọ, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kó di jẹjẹrẹ.

Bó bá jẹ́ ara iṣan pàtàkì ló wà, tí kò sì yọ ẹni náà lẹ́nu, dókítà lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wò ó láti ìgbà dé ìgbà. Ìpinnu gidi nìyẹn, kì í ṣe àìbìkítà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ó tọ́ kí aláìsàn béèrè ṣáájú pé: "Iṣan wo ni? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí ohùn mi, sí ojú mi, sí apá mi?"

Bí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lára ẹnì kan, tí etí rẹ̀ bá ń di, tí àbààwọ́n aláwọ̀ kọfí bá pọ̀ lára rẹ̀, tàbí tí irú rẹ̀ bá wà nínú ẹbí, kí ó sọ fún dókítà. Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n ń jogún, tó ń mú kí kókó yọ lára iṣan ní ibi púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, neurofibromatosis onípele kìíní, máa ń wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú 3,000.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí ènìyàn dúró mọ́?

Kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí lọ sí ilé ìwòsàn láìfòní dónìí fọ̀la dọ́la:

• Kókó tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí kò sì kéré sí i
• Kókó tó le bí òkúta, tàbí tí kò ṣeé tì rárá
• Kókó tó yọ lókè egungun èjìká
• Kókó tó ń tóbi kíákíá
• Ara tó ń rù láìnídìí, ibà tí kò lọ, tàbí òógùn òru tó ń rin aṣọ
• Ohùn tó há, oúnjẹ tí kò lọ dáadáa lọ́fun, tàbí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀
• Kókó abẹ́ abíyá pẹ̀lú odidi nínú ọmú
• Ìpéǹpéjú tó rọ̀, tàbí ọwọ́ tó ń rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kókó wà

Ti ọmọdé náà kò yàtọ̀. Kókó ọrùn wọ́pọ̀ lára ọmọdé torí ọ̀fun àti etí tó ń dùn wọ́n, àmọ́ èyí tó bá le tàbí tó ń tóbi kò yẹ kó dúró sílé.

Owó, ìrìn àjò àti ìwé èsì

Ẹni tó ń gbé Moshie Zongo kò ní láti kọ́kọ́ rìn jìnnà. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Tamale, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974, wà nínú ìlú náà. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, wọ́n lè kọ ìwé sí Komfo Anokye ní Kumasi tàbí Korle Bu ní Accra, tó wà ní nǹkan bí 600 kìlómítà sí Tamale. Kí ẹni tó ní káàdì adójútòfò NHIS mú un dání, kí ó sì béèrè ṣáájú ohun tó bo àti ohun tí kò bò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún oníṣòwò ni ìwé. Kí ó gba ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Kí ó kọ nọ́ńbà tí yàrá àyẹ̀wò fún ẹran ara náà sílẹ̀. Ìda tí wọ́n fi mọ ẹran kì í jẹrà, yàrá àyẹ̀wò sì máa ń tọ́jú rẹ̀. Bí dókítà ní Kumasi tàbí Ìbàdàn bá fẹ́ tún un wò, tàbí kán àwọ̀ mìíràn sí i, wọ́n lè bi wọ́n fún un. Kò ní jẹ́ kí wọ́n tún ọrùn là lẹ́ẹ̀kejì.

Kókó tí wọ́n bá gé, tí wọ́n sì dà nù láìyẹ̀ ẹ́ wò, ti gbé orúkọ rẹ̀ lọ. Bí irú rẹ̀ bá tún yọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti yọ kókó lára ènìyàn, ìbéèrè tó yẹ kí ará ilé bi dókítà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ fi ohun tí ẹ yọ ránṣẹ́ sí, ọjọ́ wo sì ni èsì máa jáde?"